Eyín Tírówẹ̀lì Bọ́lárìnwá

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ìkòrò, mo sì ti rí oríṣiríṣi ènìyàn. Mo rí ọmọ tó jẹ pẹ́ńsù odindi tán kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí ọ̀gá ilé ìwé tó ń sá fún ìyá akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí ebi ń pa, tí oúnjẹ gbígbóná wà níwájú rẹ̀, tí yóò kọ́kọ́ lọ wẹ irin, àfi Bọ́lárìnwá, onítáìlì tó wá ṣiṣẹ́ sí balùwẹ̀ wa.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gún iyán fún un ní ọ̀sán. Ó dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo tẹ̀ lé e. Ó ti jókòó ti garawa omi, ó gbé tírówẹ̀lì eléyín rẹ̀ lé orúnkún, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ́ símẹ́ńtì sílẹ̀ kí táìlì tó gorí rẹ̀. Ó ń fi igi tín-ín-rín tọ àárín eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fọ ẹnu ọmọ tuntun. Ó nù ún gbẹ, ó fi àkísà tí epo mọ́tò díẹ̀ wà lára rẹ̀ pa á, ó fi aṣọ wé e. Lẹ́yìn náà ló fọ òòlù onírọ́bà, ó fún fóòmù títí omi inú rẹ̀ fi mọ́. Kí ó tó wọlé, iyán mi ti tutù.

"Ṣé irin yìí ni yóò yó fún ọ ni?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ torí pé inú ń bí mi.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Símẹ́ńtì kì í mọ̀ pé ènìyàn ń jẹun lọ́wọ́. Bí mo bá jẹ uyán yìí tán kí n tó fọ̀ ọ́, ó ti gan. Bí mo bá wá fi òkúta ha á, mo ti ha urin náà nù mọ́ ọn."

Ó jẹ iyán tútù náà tán, ó sì pọ́n ọn lá. Mo dárí jì í.

Ohun tó mú mi ń kánjú lórí iṣẹ́ náà ni Bàbá Olúbùnmi, ọkọ mi. Oṣù keje nìyẹn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a wó. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ Olúbùnmi ọmọ wa ní Adó, ó sì ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí n lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ó ní n kò mọ bí a ṣe ń lọ kọ́là. Òun ni wọ́n wá ń gbé ka orí àga wẹ̀ báyìí. Ó sọ̀rọ̀ fún mi lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn.

"Màmá Olúbùnmi, bí n kò bá ní lè dá wẹ̀ nínú ulé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, jẹ́ kí n máa gbé ìhín."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Balùwẹ̀ wa nígbà náà, símẹ́ńtì dídán ni ilẹ̀ rẹ̀, ó máa ń yọ̀ bí ilá, omi kì í sì í ṣàn lọ síbi ihò, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Èmi tí ẹsẹ̀ mi pé ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ilẹ̀ balùwẹ̀ náà ló máa sọ bóyá ọkọ mi yóò padà wálé tàbí kò ní padà.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe Bọ́lárìnwá fún mi. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, nínú oko kan ní ọ̀nà Ìjerò, ó sì ti tó ọmọ ogójì ọdún. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ń lẹ táìlì sí ilé ọkùnrin kan ládùúgbò, òun sì dúró wò ó láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́, baba òun nà òun nítorí pé òun kò dé oko. Ní ọjọ́ kejì, òun tún padà lọ dúró níbẹ̀. Nígbà tó jáde ìwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n lọ́dọ̀ Bàbá Akínwálé fún ọdún márùn-ún.

Mo bá a lọ sí Ìjerò láti ra táìlì, ìyẹn táìlì tí ojú rẹ̀ kò dán, tí ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀. Òòlù onírọ́bà rẹ̀ ti ń jẹ, ó fẹ́ ra tuntun. Mo rò pé ìṣẹ́jú méjì ni. Ó mú òòlù mẹ́fà sílẹ̀. Ó ń fi èékánná tẹ rọ́bà wọn, ó ń lọ́ èkù wọn wò bóyá yóò yí lọ́wọ́, ó ń gbá wọn mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ dúdú, ó ní dúdú máa ń fi àmì sára táìlì funfun. Ó kọ èyí tó le, ó ní yóò fọ́ táìlì. Fọláṣadé tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bọ́lárìnwá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé ìkarùn-ún wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ti lẹ́fẹ́lì rẹ̀, igi gígùn tó ní omi nínú gíláàsì, tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ní àràárọ̀, kí ó tó fi kan ilẹ̀, yóò gbé e sórí tábìlì ìjẹun mi, yóò wo ibi tí ìfófòó omi náà dúró sí, yóò yí i kí orí di ìdí, yóò sì tún wò ó.

"Kí lò ń wá lára rẹ̀?"

"Mò ń bi í bóyá ó ń purọ́, Màmá. Ó ti já bọ́ lórí ọ̀kadà rí. Bí ohun tó sọ kí n tó yí i bá yàtọ̀ sí ohun tó sọ lẹ́yìn tí mo yí i, irọ́ ló ń pa."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi rúlà fa ìlà sójú pátákó, n kò bi rúlà ní ìbéèrè rí.

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí wọ balùwẹ̀ ni iṣẹ́ náà, ó sì gbà á ní ọjọ́ márùn-ún. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: n kò jẹ́ kó sinmi. Láàárọ̀ mo bi í pé ìgbà wo ni yóò parí, lọ́sàn-án mo tún bi í. Ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ti parí lójú tèmi. Ilẹ̀ náà rẹwà, mo sì ti mú fóònù lọ́wọ́ kí n sọ fún Olúbùnmi pé kó gbé bàbá rẹ̀ bọ̀ ní Àbámẹ́ta.

"Màmá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè wọ́n," Bọ́lárìnwá sọ.

Ó kúnlẹ̀, ó di tírówẹ̀lì rẹ̀ mú lódì, ó ń fi èkù igi rẹ̀ kan táìlì kọ̀ọ̀kan, igun dé igun. Kò, kò, kò. Létí mi, ohùn kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ó dúró. Ó tún kan ọ̀kan náà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ pa rédíò. Lẹ́yìn náà, ó mú ẹfun jáde nínú àpò, ó fa àmì sí táìlì náà lára. Nígbà tó máa dé ògiri, táìlì mọ́kànlá ló ti sàmì sí.

"Àwọn wọ̀nyí ṣófo nísàlẹ̀," ó ní. "Símẹ́ńtì kò kún abẹ́ wọn. Wọ́n dúró lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá bá fi ọ̀pá tẹ̀ wọ́n, wọ́n lè là. Omi á wọ ubẹ̀, ulẹ̀ á gbéra."

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó ní kí n kúnlẹ̀. Ó gba ọwọ́ mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé táìlì tí kò ní àmì, ó sì kàn án. Kò sí nǹkan. Ó gbé ọwọ́ mi sórí èyí tó ní àmì, ó kàn án, mo sì mọ̀ ọ́n lára: nǹkan gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ẹ̀mí nínú ara ẹyẹ. Òtútù mú mi. Ọkùnrin yìí ń gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bó bá sì ti gbẹ́nu dákẹ́, tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ ní gbogbo Ìkòrò, títí di ọjọ́ tí ọkọ mi máa ṣubú.

Ìbínú ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé òtútù náà. Mo bú u. Mo ní ṣé èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ ni. Ó ṣí aṣọ kúrò lára tírówẹ̀lì rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Eyín rẹ̀ ti jẹ," ó ní.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Eyín irin náà ló ń ya símẹ́ńtì ní ìlà ìlà bí ebè. Bí eyín bá ṣe gùn tó ni ebè ṣe ń ga tó, bí ebè bá sì ṣe ga tó ni táìlì ṣe ń rí ohun jókòó lé. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi irin yìí ha ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì ti ha irin náà. Kò ju ìdajì lọ tó ṣẹ́kù lára eyín rẹ̀. Fún táìlì kékeré, ó ṣì tó. Táìlì fífẹ̀ bíi tiwa kò ní yó. Ó ti fura láti ọdún tó kọjá, ó sì ti ń fi símẹ́ńtì kún ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́.

"Nínú ulé yìí, mo fo àwọn kan," ó ní, ó sì wo ilẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń pariwo lé e lórí pé kó ṣe kíá.

Mo rọ ohùn sílẹ̀. "Kí ló dé tí o kò fi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá yun àárín eyín rẹ̀ kó tún jìn?"

"Ọ̀gá mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó gba fíríídọ̀mù, níwájú baba àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ìjọ, Bàbá Akínwálé ní kó kúnlẹ̀. Ó gbé tírówẹ̀lì ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Fáìlì ò gbọdọ̀ kan eyín urin yìí." Ó gbàdúrà lé e, gbogbo wọn ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, fáìlì kò kàn án.

"Ṣé o kò lè ra òmíràn ni?"

Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú méjì jáde. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó sì tẹ̀ bí ìdérí agolo. Èkejì, èkù rẹ̀ ń yí lọ́wọ́. "Àwọn tí mo rí rà nìyí," ó ní.

Ó yẹ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà kan kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni èmi náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lé ènìyàn lórí lórí ìkúnlẹ̀, tí baba àti ìyá rẹ̀ ṣe àmín sí, kì í ṣe ohun tí a máa ń fẹsẹ̀ gbá. Mo bi í bóyá ọ̀gá náà ṣì wà láyé. Ó ní ó wà ní Ẹ̀fọ̀n.

"Pè é lórí fóònù."

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù."

"Ó dára. Dìde, a ń lọ."

Mo jẹ́wọ́ pé ńṣe ni mo fẹ́ lọ bá bàbá náà jà. Láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Láti Àrámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n, mo ti tò ó tán. Orí ọ̀kadà tó gbé mi gun òkè lọ sí ilé bàbá náà nìkan ni mo ti gbàgbé díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé mo dijú, Sáàmù ni mo ń kà.

Bàbá arúgbó náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti funfun, kò ríran mọ́ ju òjìji lọ. Bọ́lárìnwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ulé, sà. Bọ́lárìnwá ni."

Bàbá náà kò béèrè ìyàwó, kò béèrè ọmọ. Ó na ọwọ́ síwájú. "Urin mi dà?"

Bọ́lárìnwá gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá náà fi àtàǹpàkò rìn lórí eyín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún rìn ín padà.

"Kí ló jẹ ẹ́ tó báyìí?"

"Uṣẹ́ ni, sà. Ẹ ní kí fáìlì má kàn án, mi ò sì jẹ́ kó kàn án."

"Uwọ," bàbá náà ní, "ṣé o mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Àwọn ọmọ uṣẹ́ ayé ọjọ́un, wọ́n máa ń fi fáìlì gé eyín rẹ̀ kúrú, kí àpò símẹ́ńtì kan lè ṣe yàrá méjì. Onílé á máa yọ̀. Kó tó ọdún kan, ulẹ̀ ti gbéra. Olè lẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olè yẹn ni mo fi ọ̀rọ̀ mi lé jìnnà sí ọ. Uwọ wá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí eyín rẹ̀ fi kúrú fúnra rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Àdá tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ, ṣé o kì í pọ́n ọn ni?"

Orí Bọ́lárìnwá wà nílẹ̀. Mo rí i tí omijé ń kán sórí ilẹ̀ pupa náà.

"Má sunkún," bàbá náà ní. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo sọ pé má ṣe, mi ò sọ ùdí rẹ̀."

Èmi tí mo wá jà, mo wá ibi jókòó. Mélòó ni àwọn ọmọ tí mo ti sọ fún pé má ṣe, tí mo na nígbà tí wọ́n béèrè ìdí? Wọ́n ti di bàbá àti ìyá báyìí, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi "má ṣe" mi ṣe níbi tí wọ́n wà.

Bàbá náà ní kí Bọ́lárìnwá wọ inú ilé lọ mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Ó fi itan méjèèjì há irin náà mọ́ etí bẹ́ǹṣì, ó wá àárín eyín àkọ́kọ́ pẹ̀lú èékánná rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yùn ún. Kò wo irin náà. Òkè tó wà ní iwájú ló kọjú sí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. Yóò yùn ún díẹ̀, yóò ki èékánná bọ ibẹ̀, yóò tún yùn ún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, yóò sì bọ́ sí èyí tó kàn. Àárín eyín mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Oòrùn kúrò lórí bẹ́ǹṣì kó tó parí, Bọ́lárìnwá sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, kò gbọn eruku irin tó ń dà sí i lórúnkún.

Nígbà tó parí, bàbá náà ní kí n wọ̀n ọ́n. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ àárín eyín àkọ́kọ́, mo fi èékánná sàmì síbi tó dé lára kọ́kọ́rọ́ náà. Mo tún ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ èkejì, ibẹ̀ náà ló dé. Ìkẹta, ibẹ̀ náà ni. Mo wọ̀n ọ́n títí dé ìkẹrìnlá. Ọkùnrin tí kò rí ojú mi, tí kò mọ̀ bóyá mo dúdú tàbí mo pupa, kò fi ìwọ̀n irun kan ṣìnà. Ara mi bù máṣọ. Mo ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí bíṣọ́ọ̀bù ti wá, ara mi kò bù máṣọ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé irin náà padà lé Bọ́lárìnwá lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀ bíi ti ọjọ́ fíríídọ̀mù rẹ̀. "Máa yun àárín eyín rẹ̀ kó jìn bó bá ti ń kúrú," ó ní. "Má gé e kúrú láé, kí símẹ́ńtì má baà dín lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. O ti gbọ́ ùdí rẹ̀ báyìí." Ó gbàdúrà. Nítorí pé baba Bọ́lárìnwá ti kú, tí ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, èmi ni mo ṣe àmín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó hú táìlì mọ́kànlá náà, ó sì tún lẹ òmíràn. N kò bi í pé ìgbà wo ni yóò parí. Mo gún iyán, mo sì jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó ń fọ irin rẹ̀, mo ń da omi fún un. Nígbà tí ilẹ̀ náà gbẹ, ó kan gbogbo rẹ̀ láti igun dé igun, èmi náà tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kàn án. Kò sí èyí tó gbọ̀n. Ẹfun rẹ̀ kò jáde nínú àpò.

Olúbùnmi gbé bàbá rẹ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ náà. Ó dìde. Ó fi ọ̀pá kan táìlì àkọ́kọ́, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e. Kò, kò, kò. Mo na ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú adìẹ, n kò mí. Ó dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó yíjú padà.

"Màmá Olúbùnmi, níbo lò ń bá mi lọ?"

Ó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo sì gbọ́ bí ó ṣe fa kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀.

Oṣù méje ni ọkọ mi kò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ lórí táìlì lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo sì sunkún. Mo gbọ́ bí ó ṣe gbé ọ̀pá ti ògiri. Mo gbọ́ omi tó dà, tó tún dà, tó sì ń ṣàn lọ síbi ihò, kò sí ìkán kan tó gba ẹnu ọ̀nà jáde sọ́dọ̀ mi. Nígbà tó pẹ́, ó pè mí.

"Màmá Olúbùnmi, mo gbàgbé táwẹ́lì."

Mo sáré mú un wá. "Ṣí ulẹ̀kùn kí n gbé e fún ọ."

"Gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà," ó ní. "Mò ń bọ̀ wá mú un."

Mo gbé e kọ́, mo sì kúrò níbẹ̀.